Ẹ Má Gé E: Ọ̀rọ̀ Lórí Eré Ìdíje Àtijọ́ Tí Wọ́n Tún Ń Gbé Sórí Tẹlifíṣọ̀n

  Ọ̀rọ̀ tẹlifíṣọ̀n ni mo gbé wá sórí rédíò lálẹ́ òní, ọ̀dọ̀ bàbá arúgbó kan ni mo sì ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀.

Ní ọjọ́ 9 oṣù Kejì ọdún 1956, bàbá ẹni ọdún 95 kan tó ń jẹ́ Samuel Seymour jókòó níwájú kámẹ́rà ní New York, lórí ètò kan tí wọ́n ń pè ní I've Got a Secret. Bàbá ti ṣubú kó tó débẹ̀, òkè ojú rẹ̀ ọ̀tún sì wú, síbẹ̀ ó wá. Bí wọ́n ṣe ń ṣe eré náà ni pé àlejò á sọ àṣírí kan fún atọ́kùn ètò, wọ́n á kọ ọ́ sójú tẹlifíṣọ̀n kí àwọn tó wà nílé lè kà á, àwọn gbajúmọ̀ mẹ́rin tó jókòó sápá kejì á wá máa fi ìbéèrè wá a kiri. Àṣírí bàbá yìí ni pé ó wà nínú Ford's Theatre ní Washington lálẹ́ ọjọ́ tí wọ́n yìnbọn fún Ààrẹ Abraham Lincoln ní 1865. Ọmọ ọdún 5 ni nígbà náà. Gẹ́gẹ́ bó ṣe máa ń ròyìn rẹ̀, ọkùnrin tó já bọ́ láti òkè sórí pèpéle ló ṣe é láàánú. Kò mọ̀ pé òun ni apànìyàn. Nínú gbogbo èrò tó wòran lálẹ́ ọjọ́ náà, òun nìkan ló ṣẹ́ kù láyé. Oṣù méjì lẹ́yìn ètò yìí, òun náà kú.

Ẹni tó fojú ara rẹ̀ rí ikú Lincoln, tẹlifíṣọ̀n bá a láyé, ó sì sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Ìṣúra ni fíìmù yẹn jẹ́ fún gbogbo ọmọ aráyé, kì í ṣe fún ará Amẹ́ríkà nìkan.

Àmọ́ sìgá ló sanwó ètò náà. Winston ni onígbọ̀wọ́ rẹ̀, páálí sìgá sì jẹ́ ara ẹ̀bùn tí wọ́n ń fún àlejò. Nígbà tí wọ́n gbọ́ pé ìkòkò tábà ni bàbá Seymour ń mu, agolo tábà Prince Albert ni wọ́n gbé lé e lọ́wọ́, ọjà ilé iṣẹ́ kan náà. Garry Moore, atọ́kùn ètò, a máa mu sìgá lójú gbogbo èèyàn. Àrùn tó máa ń ba ẹ̀dọ̀fóró àwọn amusìgá jẹ́, tí mímí á di ìjàkadì, ló pa á ní 1993.

Láti ọjọ́ 2 oṣù Kíní ọdún 1971 ni òfin Amẹ́ríkà ti lé ìpolówó sìgá kúrò lórí rédíò àti tẹlifíṣọ̀n. Kí wá ni kí ìkànnì tó fẹ́ tún gbé bàbá Seymour jáde ṣe? Ṣé kó gé ibi tí wọ́n ti dárúkọ sìgá ni? Ṣé kó bo agolo tábà lójú? Àbí kó kó fíìmù náà sínú àpótí, kó tì í pa?

Àwọn tí ìbéèrè yìí ń dà láàmú pọ̀. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kejìlá ọdún 1994 ni ìkànnì kan bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà, Game Show Network, tó jẹ́ pé eré ìdíje ni oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀, púpọ̀ nínú ohun tó ń gbé jáde jẹ́ iṣẹ́ àtijọ́ tí Mark Goodson àti Bill Todman ṣe: What's My Line?, Password, Match Game, Family Feud. Irú ìkànnì bẹ́ẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gba orúkọ Challenge TV ní 1997. Buzzr dé ní Amẹ́ríkà ní 2015. Eré ti wà nílẹ̀, wọ́n ti sanwó rẹ̀ tipẹ́, ìpolówó ọjà sì tún lè mú owó wọlé lórí rẹ̀. Àwọn èèyàn wa tó ń ṣiṣẹ́ alẹ́ ní Houston tàbí ní London á mọ ohun tí mò ń sọ. Wọ́n á dé láti ibi iṣẹ́ lóru, wọ́n á tan tẹlifíṣọ̀n, àwọn tó ti kú láti ọdún gbọọrọ á sì máa rẹ́rìn-ín sí wọn nínú àwòrán dúdú àti funfun.

Àwa nílé náà kúkú mọ eré ìdíje. Ta ni kò rántí Frank Edoho àti Who Wants to Be a Millionaire tó bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà ní 2004? Ṣùgbọ́n ètò àtijọ́ wa ti lọ púpọ̀, nítorí téèpù wọ́n gógó, tuntun ni wọ́n sì ń gbà sórí ti àná. Àwọn tó lówó jù wá lọ náà ṣe bẹ́ẹ̀. Jeopardy! àkọ́kọ́, tí Art Fleming tọ́kùn rẹ̀ láti 1964 sí 1975, wọ́n ti pa èyí tó pọ̀ jù rẹ́, ìwọ̀nba díẹ̀ ló kù. Ìdí nìyẹn tí ara mi kì í fi í balẹ̀ tí mo bá gbọ́ pé ẹnì kan fẹ́ fi sísọ́ọ̀sì kan èyí tó yè.

Ẹ jẹ́ ká wo What's My Line?, tó wà lórí CBS láti 1950 títí di 1967. Àlejò á wọlé, á kọ orúkọ rẹ̀ sójú pátákó, àwọn gbajúmọ̀ á sì máa béèrè títí wọ́n á fi mọ iṣẹ́ tó ń ṣe. Ètò ọmọlúàbí ni wọ́n kà á sí. John Charles Daly, oníròyìn tí gbogbo ayé bọ̀wọ̀ fún, ló ń tọ́kùn rẹ̀. Bí ẹni ń lọ síbi àsè làwọn tó wà lórí ìjókòó ṣe máa ń múra. Síbẹ̀, bí ọmọge arẹwà bá ti yọ, ẹ ó gbọ́ tí àwọn ọkùnrin nínú èrò bá ń súfèé. Kí obìnrin náà tó jókòó, Daly á ti bi í bóyá ó wà nílé ọkọ tàbí kò tíì lọ. Kò bi àwọn ọkùnrin bóyá wọ́n ti gbéyàwó.

Mi ò rò pé Daly fẹ́ fi obìnrin kankan wọ́lẹ̀. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, ó sì hàn nínú bó ṣe ń sọ̀rọ̀. Ohun tí mo fẹ́ kí ọmọ ọ̀dọ́ tó ń wò ó lónìí rí gan-an nìyẹn: pé ìwà tí kò dáa lè wà lọ́wọ́ èèyàn jẹ́jẹ́, níwájú èrò tó wọṣọ tó dáa, kí ẹnikẹ́ni má sì kíyè sí i. Bí a bá gé ìsúfèé yẹn kúrò, ọmọ náà á rò pé bó ṣe wà lónìí ló wà lánàá.

Àwọn kan sì rò pé ayé àtijọ́ ò ní ìkóra-ẹni-níjàánu rárá. Kí wọ́n wo The Newlywed Game ti 1966. Bob Eubanks, atọ́kùn rẹ̀, ń bi tọkọtaya ní ọ̀rọ̀ àṣírí yàrá, síbẹ̀ kò gbọdọ̀ pe nǹkan náà lórúkọ; orúkọ ẹ̀fẹ̀ kan ni wọ́n ṣà fún un, òun ni wọ́n sì ń pè títí.

Èyí tó gbà mí lọ́kàn jù lọ ni ti Richard Dawson. Ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni, òun ló tọ́kùn Family Feud láti 1976 sí 1985. Ìdílé méjì á tò síwájú ara wọn, wọ́n á máa gbìyànjú láti sọ ohun tí ọgọ́rùn-ún èèyàn ti sọ nígbà tí wọ́n bi wọ́n ní ìbéèrè. Bí Dawson bá ti dé ọ̀dọ̀ obìnrin, á fẹnu kò ó lẹ́nu. Ìyàwó ilé, ọmọge, ìyá àgbà, kò yọ ẹnì kan sílẹ̀. Ó ní fún oríire àti fún ìfẹ́ ni.

Ẹni tó bá wò ó lónìí, ọkàn rẹ̀ á gbọgbẹ́ díẹ̀. Ta ló bi obìnrin náà bóyá ó fẹ́? Ọkọ rẹ̀ dúró tì í, ó ń rẹ́rìn-ín. Kí ló tún lè ṣe níwájú kámẹ́rà, nígbà tí owó ń bẹ nílẹ̀ tí gbogbo ẹbí ń retí rẹ̀? Mo ti rí ibi tí obìnrin ti yí ẹ̀rẹ̀kẹ́ sí i dípò ẹnu. Ìṣẹ́jú àáyá kan péré ni, ẹ lè má rí i tí ẹ ò bá fara balẹ̀. Ó sọ̀rọ̀ láìlanu.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tó bí àwọn kan nínú nígbà náà lọ́hùn-ún. Lẹ́tà ń dé, ẹ̀hónú sì ń bẹ nínú wọn nítorí àwọ̀: kí ló dé tí ọkùnrin aláwọ̀ funfun yìí ń fẹnu ko obìnrin adúláwọ̀ lẹ́nu lórí tẹlifíṣọ̀n? Ẹ má gbàgbé pé 1967 ni ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà ṣẹ̀ṣẹ̀ fagi lé òfin tó ka ìgbéyàwó láàárín aláwọ̀ funfun àti adúláwọ̀ léèwọ̀. Ọdún 9 lẹ́yìn náà ni Family Feud bẹ̀rẹ̀. Dawson ní kí àwọn òǹwòran kọ̀wé wá, kí wọ́n sọ èyí tí wọ́n fẹ́. Èèyàn bí 14,600 ní kó máa fẹnu kò wọ́n. 704 ní kó ṣíwọ́. Kò ṣíwọ́.

Ẹ ò rí nǹkan? Ìfẹnukonu kan ṣoṣo, ẹ̀sùn méjì ni wọ́n fi kàn án, ọ̀tọ̀ ni ti àná, ọ̀tọ̀ ni ti òní. Ẹni tó bínú lánàá ò bínú nítorí obìnrin náà rárá; nítorí àwọ̀ rẹ̀ ló ṣe bínú. Nínú ọgbọ́n tí à ń lò lónìí, Dawson jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n ọkùnrin tó jẹ̀bi yìí náà ló kọ̀ láti fo ìdílé adúláwọ̀ kọjá, nígbà tí fífò wọ́n ìbá rọrùn fún un. Ẹni tó bá gé ìfẹnukonu kúrò nínú fíìmù ti gé àléébù rẹ̀, ó sì ti gé ìgboyà rẹ̀ mọ́ ọn. Sísọ́ọ̀sì ò mọ ìyàtọ̀.

Nígbà tí Dawson padà sórí ètò náà ní 1994, kò fẹnu ko obìnrin olùdíje mọ́. Ó ti bímọ obìnrin, ó sì ti ṣèlérí fún ọmọ náà pé ìyá rẹ̀ nìkan lòun á máa fẹnu kò lẹ́nu. Bí ìkànnì kan bá fẹ́ ṣe wá lóore, kó gbé ti 1977 jáde, kó gbé ti 1994 tẹ̀ lé e.

Ó wá ku èyí tí kò ní sìgá, tí kò ní ìfẹnukonu, tí ọ̀pọ̀ ò sì ní rí ohun tó burú níbẹ̀. Queen for a Day ni wọ́n ń pè é. Orí rédíò ló ti bẹ̀rẹ̀ ní 1945 kó tó di ti tẹlifíṣọ̀n, tó sì wà káàkiri Amẹ́ríkà láti 1956 títí di 1964. Àwọn obìnrin á jáde síwájú atọ́kùn rẹ̀, Jack Bailey, lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n á ròyìn ìyà tó ń jẹ wọ́n. Ọmọ ẹni kan yarọ, ó ń fẹ́ kẹ̀kẹ́ aláìlèrìn. Ọkọ ẹlòmíràn kú, ẹ̀rọ ìfọṣọ tó fi ń ṣiṣẹ́ bọ́ ọmọ bàjẹ́. Bí wọ́n bá parí, èrò á pàtẹ́wọ́, ẹ̀rọ kan á máa wọn bí àtẹ́wọ́ ti ẹnì kọ̀ọ̀kan ṣe lágbára tó. Ẹni tí ìyà rẹ̀ gba àtẹ́wọ́ jù ni wọ́n á dé ládé, wọ́n á fi aṣọ àrán pupa bò ó lára, omijé á sì máa dà lójú rẹ̀. Àwọn yòókù á gba ẹ̀bùn kékeré, wọ́n á sì gbé ìyà wọn padà sílé, lẹ́yìn tí gbogbo ìlú ti fi àtẹ́wọ́ sọ fún wọn pé ìyà wọn ò tó.

Mo gbà pé èyí burú ju ìfẹnukonu Dawson lọ. Mo gbà pé ó burú ju sìgá lọ. Bó bá sì jẹ́ ojú àkọ́wò la fi ń ṣe ìdájọ́, òun ló máa rọrùn jù láti tún gbé jáde, torí kò sí ọ̀rọ̀ rírùn kan nínú rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká yẹ ara wa wò pẹ̀lú. Lórí rédíò àti tẹlifíṣọ̀n tiwa lónìí, opó ń jókòó níwájú gbohùngbohùn, ó ń tú àṣírí ilé rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n ń da orin arò sí i lábẹ́, kó tó rí àpò ìrẹsì gbà. Àánú wà nínú rẹ̀, mi ò sẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó máa wo iṣẹ́ wa ní ọdún 50 sí i, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ohun tí à ń pè ní àánú yìí ló máa kọ́kọ́ rú u lójú.

Òmíràn ni eré ìbéèrè Twenty-One, lórí NBC. Ní ìparí 1956, olùkọ́ yunifásítì Columbia kan, Charles Van Doren, bẹ̀rẹ̀ sí í borí lórí ètò náà. Ó ń làágùn, ó ń gé ètè jẹ, ó ń dákẹ́ bí ẹni tí ọ̀rọ̀ há mọ́ lọ́pọlọ, ìdáhùn á wá jáde ní kẹ́yìn. Gbogbo Amẹ́ríkà fẹ́ràn rẹ̀. Ní ọjọ́ 2 oṣù Kọkànlá ọdún 1959, ó jẹ́wọ́ níwájú ìgbìmọ̀ ilé aṣòfin pé wọ́n ti fún òun ní ìdáhùn tẹ́lẹ̀, pé wọ́n tilẹ̀ kọ́ òun bí òun ó ṣe máa ṣe bí ẹni tó ń ronú.   Nígbà tí wọ́n ń ṣe màgòmágó náà, kò sí òfin kan tó kà á sí ẹ̀ṣẹ̀. Ní 1960 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe òfin rẹ̀.

Ẹ wá gbé fíìmù Van Doren jáde láìsọ nǹkan kan: irọ́ ni ẹ tún ń pa fún òǹwòran tuntun. Ẹ fi ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú méjì ṣáájú rẹ̀: ojú rẹ̀ tó ń làágùn á di ẹ̀kọ́ tí kò sí nínú ìwé kankan. Fíìmù ò yí padà, ohun tí òǹwòran mọ̀ ló yàtọ̀.

Ibi tí mo dúró sí nìyẹn. Ẹ gbé e jáde lódidi, ẹ má gé e. Ẹ jẹ́ kí èèyàn gidi, tó mọ ìtàn náà, bá òǹwòran sọ̀rọ̀ ṣáájú. Ìlà kan ṣoṣo tí wọ́n ń kọ sójú tẹlifíṣọ̀n, pé ìwà inú ètò yìí jẹ́ ti ìgbà rẹ̀, tó ń kọjá wàrà kí ẹni tó ń wá gíláàsì ojú rẹ̀ tó kà á, kò tó. Irú ètò bẹ́ẹ̀ kì í sì í ṣe fún aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ tí ọmọdé dá wà nídìí tẹlifíṣọ̀n. Bí ilé iṣẹ́ bá sì rí i pé òfin mú òun ní dandan láti gé nǹkan, bí irú ìpolówó sìgá, kó sọ ọ́ jáde pé òun gé e, kó sì sọ ohun tó wà níbẹ̀. Gígé ní ìkọ̀kọ̀ ni mo kórìíra. Ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ ń fi orúkọ rere jíǹkí ilé iṣẹ́ tí kò ṣiṣẹ́ fún un.

Ohun kan ṣoṣo ló lè mú mi yí èrò yìí padà. Bí obìnrin kan tí wọ́n fi ṣẹ̀sín lórí pèpéle ní 1975 bá ṣì wà láyé, tó sì wí pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé mi jáde mọ́," kí wọ́n gbọ́ tirẹ̀. Ojú ara rẹ̀ ni. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ju ti ìtàn lọ níwọ̀n ìgbà tó bá ṣì wà láàyè. Kì í ṣe ìtìjú ilé iṣẹ́ ni mò ń sọ o. Ìtìjú ilé iṣẹ́ kò ní irú ẹ̀tọ́ bẹ́ẹ̀.

Èyí ló mú mi dé ọ̀dọ̀ Bob Barker. Láti oṣù Kẹ́sàn-án 1972 ló ti ń tọ́kùn The Price Is Right lórí CBS, kò sì fi í sílẹ̀ títí di 2007. Ní ọdún 10 àkọ́kọ́, ẹ̀wù onírun ẹranko wà lára ẹ̀bùn tí olùdíje lè jẹ. Ìfẹ́ ẹranko wọ Barker lọ́kàn. Ní 1982 ó ní òun ò ní fi irú ẹ̀wù bẹ́ẹ̀ tọrẹ mọ́. Kò dúró síbẹ̀. Kò fẹ́ kí wọ́n tún gbé àwọn ètò àtijọ́ tí ẹ̀wù onírun wà nínú wọn jáde, wọ́n sì tẹ̀ lé ohun tó fẹ́. Nígbà tí Pluto TV ṣí ìkànnì kan fún ìgbà Barker ní 2020, láti ọdún 1982 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀.

Mo bọ̀wọ̀ fún un. Ojú rẹ̀ ló wà nínú fíìmù, ẹ̀rí ọkàn rẹ̀ ló ń gún un, ó sì wà láyé nígbà náà. Barker kú ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ ọdún 2023, ẹni ọdún 99. Àwọn tó ni eré náà ni ìpinnu wá kù sí lọ́wọ́ báyìí, èmi sì ní kí wọ́n ṣí i. Láti ọdún 1982 yẹn náà ni Barker ti máa ń parí ètò rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀bẹ̀ pé kí àwọn òǹwòran tẹ ajá àti ológbò wọn lọ́dàá, kí ẹranko tí kò nílé má baà pọ̀ sí i. Kí wọ́n mú ètò kan láti 1975, tí obìnrin kan wọ ẹ̀wù onírun lórí pèpéle tí inú gbogbo èèyàn ń dùn, kí wọ́n gbé e jáde. Kí wọ́n mú òmíràn ní ọdún 10 lẹ́yìn rẹ̀, kí Barker fi ẹnu ara rẹ̀ bẹ ayé. Wákàtí méjì péré ló máa gbà, kò sì sí ẹnì kankan tó máa lè ṣàlàyé ọ̀rọ̀ náà fún wa tó bí Barker ṣe máa ṣàlàyé rẹ̀.